Àtijọ́ Wo Lẹ Ń Wí?

Ẹ bá mi wo fídíò kan ná. Obìnrin kan dúró nínú ilé ìdáná tó mọ́ tónítóní, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò dáná níbẹ̀ rí. Ó wọ gáùn olódòdó, ó so épírọ́ọ̀nù funfun mọ́ ọn, ó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní òun ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, òun ti padà síbi tí obìnrin wà láyé àtijọ́: ilé, ọkọ, ọmọ. Ìyẹ̀fun kín-ún ò ta sí épírọ́ọ̀nù yẹn. Ṣùgbọ́n bí ojú yín bá mú bíi tèmi, ẹ ó rí nǹkan róbótó kan tó ń tàn lára kẹ́tùrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná àwọn tó ń ya fídíò ni. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ díẹ̀: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe abọ́ ìpòyẹ̀fun wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ẹ máa tẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ rà á.

Iṣẹ́ lobìnrin yìí wà. Òun ni òṣèré, òun ni olùdarí, òun ni ayàwòrán, òun náà ló ń polówó ọjà, gbogbo rẹ̀ torí kó lè sọ fún wa pé kò yẹ kí obìnrin máa ṣiṣẹ́. Mi ò bá a jà o. Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà.

Àwọn tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn ọkùnrin tó kóra jọ sábẹ́ fídíò náà. "Obìnrin gidi rèé!" "Irú wọn ò sí mọ́!" Ọ̀rẹ́ mi kan wà lára wọn, Baba Àtijọ́ ni mo ń pè é. Ó nà gbalaja sórí àga, ó gbé fóònù sáyà, ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àtìgbà tí obìnrin ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́ layé ti bàjẹ́. Dátà tó fi ń kọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ ló rà á. Ìyàwó ọ̀hún ò sí nílé. Ó wà níbi iṣẹ́.

Mo ní, "Baba Àtijọ́, mo gbà. Jẹ́ ká padà. Ọdún wo ni kí n sọ fún dírẹ́bà pé a ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀?"

Ó ní ká lọ jìnnà dáadáa, síbi tí ìwà kò tíì bàjẹ́. Mo gbé e lọ sí Íjíbítì àwọn Fáráò. Níbẹ̀, obìnrin ń ní ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó sì lè pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní nǹkan bí 3,500 ọdún sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hatshepsut jẹ Fáráò níbẹ̀, wọ́n sì ya irùngbọ̀n àtọwọ́dá sí àgbọ̀n ère rẹ̀ kó lè bá ti àwọn ọba yòókù mu. Ní nǹkan bí 1,000 ọdún lẹ́yìn náà, ará Gíríìkì kan rìnrìn-àjò débẹ̀, ẹnu yà á. Ó kọ ọ́ pé àwọn obìnrin ló ń lọ sọ́jà, àwọn ọkùnrin a jókòó sílé, wọn a máa hunṣọ. Baba Àtijọ́ bojú jẹ́. Ó ní ibẹ̀ yẹn ti jìnnà jù.

A bọ́ọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọdún 1300. Àwọn obìnrin ló ń pọn èyí tó pọ̀ jù nínú ọtí ọkà tí ìlú ń mu. Inú ọ̀rẹ́ mi dùn: ilé ìdáná, obìnrin, ọtí, kí lèèyàn tún ń wá? Mo ní kó dúró ná, wọ́n ń tà á o, owó sì ń wọlé fún wọn. Nígbà tó yá, òwò náà tóbi, ó gba owó ńlá àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́, àwọn ọkùnrin sì gbà á. Nígbà tó fi máa di 1600, ọtí pípọn ti di iṣẹ́ ọkùnrin. Nǹkan kan náà ló tún ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1946, tí wọ́n gbé ENIAC, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, jáde ní Amẹ́ríkà, obìnrin 6 ló ń to bí ẹ̀rọ náà ṣe máa ṣírò. Àwọn ọ̀gá kà á sí iṣẹ́ akọ̀wé. Kíkan irin mọ́ irin ni wọ́n pè ní iṣẹ́ ọkùnrin. Wọ́n se àsè lọ́jọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà han aráyé, wọn ò pe àwọn obìnrin 6 náà. Ìgbà tí owó gidi wá wọ iṣẹ́ yẹn, a kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n ní ọpọlọ obìnrin ò gbé e. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé iṣẹ́ kan kì í ṣe ti obìnrin, mo máa ń béèrè pé èló ni wọ́n ń san níbẹ̀.

Baba Àtijọ́ ní ká fi owó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìmúra lòun ń sọ. Obìnrin kó múra bí obìnrin, ọkùnrin kó múra bí ọkùnrin. Ó dáa. Mo gbé e lọ sí ààfin Louis Kẹrìnlá ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ọba fúnra rẹ̀ ti wọ bàtà gogoro tí gìgísẹ̀ rẹ̀ pupa, tó sì de wíìgì tó gùn dé èjìká. Ọ̀rẹ́ mi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

A ò tíì kúrò ní Faransé tí mo fi fi òfin ṣòkòtò hàn án. Ní ọdún 1800, àwọn ọlọ́pàá Párísì pàṣẹ pé obìnrin tó bá fẹ́ múra bí ọkùnrin gbọ́dọ̀ wá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn, oníṣègùn sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé àìlera ló fà á. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ìwé àṣẹ ṣòkòtò. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere wá gbòde, ìjọba dẹwọ́ díẹ̀. Obìnrin lè wọ ṣòkòtò, bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lára kẹ̀kẹ́ tàbí lára ìjánu ẹṣin. Mo máa ń fojú inú wo ọlọ́pàá kan ní ìkóríta, tó ń ṣọ́ obìnrin kan tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ọwọ́ ṣì wà lára kẹ̀kẹ́: ṣòkòtò bófin mu. Imú ń yún un, ó gbé ọwọ́ kúrò: arúfin! Ọwọ́ tún padà: ọmọlúàbí. Ọdún 2013 ni ìjọba Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àṣẹ 1800 yẹn kò ní agbára kankan mọ́.

"Ó kéré tán," ni Baba Àtijọ́ wí, "àwọn ìyá ìgbà yẹn ń jókòó ti ọmọ wọn."

Párísì kan náà, ọdún 1780. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú (ó jọ pé wọn ò níṣẹ́ méjì ju obìnrin lọ) ṣírò pé nínú nǹkan bí 21,000 ọmọ tí wọ́n ń bí lọ́dún, bí 1,000 péré ni ìyá tó bí wọn ń fún lọ́mú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, abúlé ni wọ́n ń kó wọn lọ, sọ́dọ̀ obìnrin tó ń gbowó fún un. Kì í ṣe àwọn olówó nìkan o. Ìyàwó oníṣẹ́ ọwọ́ náà ń ṣe é, torí iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ó wá bínú. Ó ní èmi náà mọ àtijọ́ tí òun ń sọ: ti inú fídíò, ti gáùn olódòdó. Mo ní, "Háà! Àwọn ọdún 1950 lò ń wí. Ṣé ìyẹn náà làtijọ́?" Àwọn tó wọ gáùn yẹn nígbà náà ṣì wà láyé. Ní Faransé wọn, títí di 1965, ọkọ lè ní kí ìyàwó òun má ṣiṣẹ́, ìyàwó ò sì lè dá ṣí àkáǹtì ní báǹkì. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, títí di 1977, kìkì iṣẹ́ tí kò bá dí ojúṣe ìyàwó ilé lọ́wọ́ ni òfin gbà fún un. Ní Amẹ́ríkà, 1974 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ torí pé èèyàn jẹ́ obìnrin kí wọ́n má yá a lówó. Aṣọ tí àwọn ìyá àgbà yìí fi ipá bọ́ sọnù, ọmọ-ọmọ wọn ń fi owó ńlá rà á lórí fóònù.

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ibẹ̀ gan-an ni. Já mi síbẹ̀."

Mo ní kò burú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣírò: owó ilé, ìwọ nìkan. Owó iléèwé ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ nìkan. Owó iná, owó oògùn, owó dátà. Kò sí owó oṣù ìyàwó tó ń wọlé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í sá lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi inú ìkòkò tó jò.

A wà níbẹ̀ tí ìlẹ̀kùn fi ṣí. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, báàgì ní èjìká, bàtà lọ́wọ́. Ó kí wa, ó béèrè bóyá a ti jẹun, ó gba ilé ìdáná lọ. A gbọ́ tó ń ṣí ìkòkò, tó ń dé e padà.

Baba Àtijọ́ sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ìyàwó má bàa gbọ́.

"Àwọn ọkùnrin Íjíbítì tó ń jókòó sílé yẹn," ó ní, "ṣé dandan ni kí wọ́n hunṣọ?"