Àtè ti di oyin

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jà lórí ẹ̀rọ ayélujára pé "èyí kọ́ ni ojúlówó àlọ́ náà," ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dá sí i lónìí.

Ẹ mú àlọ́ Ìjàpá àti ère alátè. Bí wọ́n ṣe pa á fún èmi nìyí: ìyàn mú, Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo wá ń jí iṣu wà lóko olóko. Olóko gbẹ́ ère, ó fi àtè kùn ún látòkè délẹ̀, ó gbé e sáàárín ebè. Ìjàpá dé, ó kí i. Ère ò dáhùn. "Èmi ni mò ń kí ọ tí o ń wò mí báyìí?" Ó gbá a létí, ọwọ́ lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ó fi ọwọ́ kejì gbá a, ìyẹn náà lẹ̀. Ó ta á nípàá, ó fi orí kàn án. Ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀, ará ìlú wá wòran. Olè tẹ́, ó parí.

Kì í ṣe àwa nìkan la ni ín. Àwọn Akan ní Ghana ń fi irú ère bẹ́ẹ̀ mú Ananse, alántakùn inú àlọ́ tiwọn. Nínú àwọn ìtàn Jataka ti Íńdíà, ọmọ ọba kan ló lẹ̀ mọ́ ara iwin onírun: ọwọ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì, àti orí. Ọmọ ọba yẹn kì í ṣe olè o, akọni ni, àyà ò sì já a rárá tí iwin fi tú u sílẹ̀. Lójú tèmi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ irú àwọn tó ń gbọ́ àlọ́ yìí, ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ lọ́wọ́ àtè.

Ẹ wá wo Amẹ́ríkà. Joel Chandler Harris, oníròyìn aláwọ̀ funfun kan, gbọ́ irú àlọ́ báwọ̀nyí lẹ́nu àwọn ẹrú lóko ńlá kan ní Georgia nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì kó wọn jáde nínú ìwé ní 1880. Ìjàpá ti di Ehoro níbẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló wà nípò olóko, ó po ọ̀dà mọ́ tọpintáìnì, ó fi mọ ère ọmọ. Ehoro ò jí nǹkan kan! Ó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó ní "ẹ kú àárọ̀," ọmọ ọlọ́dà dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkíni náà ló tún dá ìjà sílẹ̀ (ta ló ní Ehoro yẹn kì í ṣe ọmọ ilé wa?). Nígbà tí ọwọ́ bà á, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe, kí wọ́n ṣáà má ju òun sínú igbó ẹ̀gún. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jù ú síbẹ̀. Ó sá lọ, ó ní inú ẹ̀gún ni wọ́n bí òun sí.

Àwọn kan á ní wọ́n ti ba àlọ́ jẹ́. Èmi ò gbà. Ta ni olè nínú oko tí ẹrú ń ro tí ọ̀gá ń jẹ? Ẹ fẹ́ kí ẹrú jókòó lálẹ́, kó máa pàtẹ́wọ́ fún olóko?

Ìyípadà tó ń bí mi nínú ni ti àwọn tó ń tà á. Disney, ilé iṣẹ́ fíìmù ní Amẹ́ríkà, fi ìtàn Ehoro ṣe fíìmù ní 1946. James Baskett, aláwọ̀ dúdú tó ṣe bàbá alálọ̀ọ́, ò lè lọ síbi àfihàn àkọ́kọ́ ní Atlanta, nítorí òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ sí funfun. Nígbà tí wọ́n wá fi ìtàn náà ṣe ibi ìṣeré ọkọ̀ omi ní ọgbà wọn ní 1989, wọ́n yọ ọmọ ọlọ́dà kúrò, oyin ló wá ń lẹ̀ mọ́ Ehoro. Mo mọ ìdí rẹ̀: orúkọ ọmọ ọlọ́dà ti di èébú fún aláwọ̀ dúdú, ó sì ń dunni. Ṣùgbọ́n ta ni Ehoro fẹ́ kí nínú afárá oyin? Wọ́n ti ibẹ̀ pa ní 2023.

Àwa náà ń ṣe tiwa. Nínú àwọn eré kátúùnù tí àwọn ọmọ ń wò báyìí, Ìjàpá á sunkún, á tọrọ àforíjì, gbogbo ẹranko á dì mọ́ ọn. Ìjàpá! Kó jí iṣu kó tẹ́, mo fara mọ́ ọn. Kó jí i kó bọ́ lọ, ìyẹn náà dáa. Ìjàpá tó ń tọrọ àforíjì ni mi ò mọ̀ rí.

Ní ìlú tiyín, ta ni wọ́n fi àtè mú, ṣé ó bọ́?