Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba jẹ aránṣọ níyà

Èrò ọkàn mi nìyí o. Orílẹ̀-èdè tó ń fún òmíràn láàyè láti kó ọjà wọlé láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé: bí ẹ bá ń pa aráàlú yín, àyè yẹn tán. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló ń bí mi nínú.

Ẹ wo òfin AGOA tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2000. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó bá kúnjú òṣùwọ̀n rẹ̀ fún ti aṣọ kì í san kọ́bọ̀ owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí aṣọ. Ẹni tí wọ́n bá yọ, tí-ṣẹ́ẹ̀tì olówùú rẹ̀ á san 16.5%, ti pọliẹ́sítà á san 32%. Lórí ẹrù pọliẹ́sítà dọ́là mẹ́wàá, ìyẹn ju dọ́là mẹ́ta lọ. Èrè tó wà nínú aṣọ rírán ò tó bẹ́ẹ̀, oníbàárà á kàn gbé iṣẹ́ lọ síbòmíràn ni. Oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni wọ́n kéde pé àwọn ń yọ Ethiopia nítorí ogun tó ń jà ní agbègbè Tigray níbẹ̀, ó sì múlẹ̀ ní January 1, 2022. Lóṣù Kọkànlá yẹn kan náà ni PVH, ilé-iṣẹ́ aṣọ Amẹ́ríkà tó ni Calvin Klein, sọ pé òun ń ti ilé-iṣẹ́ òun ní ìlú Hawassa ní Ethiopia pa, níbi tí ọ̀dọ́bìnrin pọ̀ sí jù nínú òṣìṣẹ́. Ogun ṣì jà fún nǹkan bí ọdún kan sí i.

Àwa tá a wà ní Àgbádárìgì nígbà tí wọ́n ti bodè Sẹ̀mẹ̀, láti August 2019 títí di December 2020, a mọ ẹni tí irú ìyẹn ń dùn: ìyá ọlọ́jà, awakọ̀, alábàárù.

Ti Swaziland (Eswatini báyìí) yàtọ̀. Wọ́n yọ ọ́ lọ́dún 2015, ṣùgbọ́n wọ́n to ohun tó gbọ́dọ̀ yí padà síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ forúkọ àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, ẹ tún òfin ìpániláyà ṣe. Ìjọba yí òfin padà, wọ́n sì gbà á wọlé lọ́dún 2018. Ó dùn mí pé ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ti kógbá wọlé kó tó dìgbà náà.

Epo ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Abacha so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ lọ́dún 1995, Commonwealth dá Nàìjíríà dúró, Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi físà du àwọn ológun, ṣùgbọ́n wọn ò yéé ra epo rọ̀bì, níbi tí owó àwọn ológun ti ń wá gan-an.

Nítorí náà, epo àti góòlù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Kí wọ́n kọ òfin tí wọ́n fẹ́ kó yí padà sílẹ̀ kedere. Kí wọ́n sì fún ilé-iṣẹ́ aṣọ ní ọdún kan gbáko, torí iṣẹ́ tí aránṣọ ń rán lónìí, oníbàárà ti gbé e fún un láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn.