Ọ̀nà Labalábá Mónáàkì Ò Gbọdọ̀ Dí

Àwọn àgbà wa ní labalábá fi ara ẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. A ò bá àgbà jiyàn o, labalábá tí wọ́n ń rí nínú oko wọn ni wọ́n fi pòwe, àmọ́ ọ̀kan wà lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìṣe ẹyẹ gan-an, mónáàkì ni wọ́n ń pè é, pupa rúsúrúsú ni, ó ní ìlà dúdú lára ìyẹ́, ó ní àmì funfun kéékèèké létí ẹ̀, bíi ààbọ̀ gíráàmù péré ló wúwo, síbẹ̀ tí òtútù bá ti fẹ́ dé ní Kánádà àti lápá àríwá Amẹ́ríkà, á gbéra, ó di Mẹ́síkò, ìrìn tó lè ju 4,000 kìlómítà lọ. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, bíi 5,000 ni. Ẹ wo ìyẹn ná.

Ohun tó jọ wá lójú jù ni pé èyí tó ń lọ yẹn ò débẹ̀ rí. Ìyá ẹ̀ ò débẹ̀, bàbá ẹ̀ ò débẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lọ láyé, ìran mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa ń kọjá kí wọ́n tó padà dé òkè àríwá, ìgbà tó bá wá ku díẹ̀ kí òtútù dé ni wọ́n á bí àwọn tó máa lo bí oṣù mẹ́jọ, àwọn wọ̀nyẹn ló ń rìnrìn àjò, orí òkè kan náà tí àwọn baba ńlá wọn sùn sí lọ́dún tó kọjá ni wọ́n á sì lọ bà sí. Kò sí àgbà tó mú wọn lọ́wọ́. Oòrùn ni wọ́n ń wò rìn.

Orí òkè yẹn wà ní Michoacán, ìpínlẹ̀ kan lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, àti ní ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é tóun náà ń jẹ́ Mẹ́síkò, ó ga tó bíi 3,000 mítà, igi kan tí wọ́n ń pè ní oyamel ló kún ibẹ̀, àwọn labalábá á so mọ́ ọn títí ẹ̀ka á fi tẹ̀ wálẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ November ni wọ́n máa ń dé, àkókò tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe ọdún àwọn òkú wọn gan-an, àwọn Purépecha àti Mazahua gbà pé ẹ̀mí àwọn èèyàn wọn tó ti kú ló padà wá kí wọn nílé. Ẹni tó bá ti ń wo ọdún Eégún láti kékeré ò nílò àlàyé lórí ìyẹn, ará ọ̀run ló wálé. January 2, 1975 ni Catalina Aguado, ọmọ Mẹ́síkò, àti Ken Brugger débẹ̀ lórúkọ Fred Urquhart, onímọ̀ ọmọ Kánádà tó ti ń wá ibi tí wọ́n ń lọ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún tó tẹ̀ lé e ni gbogbo ayé tó gbọ́. Àwọn ará abúlé ti mọ̀ ọ́n kó tó dìgbà yẹn, ó yẹ ká máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá di ti àwa olóòtú nìyí. Wọn kì í ka labalábá yẹn níkọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ tí igi tí wọ́n bò gbà ni wọ́n ń wọ̀n. Nígbà òtútù 1996 sí 1997, ó lé ní hẹ́kítà 18. Ní 2013 sí 2014, 0.67. Ó gbérí díẹ̀, ó tún wálẹ̀, nígbà tó fi máa di 2023 sí 2024, 0.9 hẹ́kítà ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo mónáàkì tó wá láti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, ibi tó fi díẹ̀ tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ ló gbà wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó di 1.79, àwọn kan sì ti ń jó. A ò rí ohun tó yẹ ní jíjó níbẹ̀. Àwọn tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn tó máa ń lọ sá fún òtútù létíkun Kalifọ́níà tìẹ̀ tún burú jù, mílíọ̀nù ni wọ́n ní 1980 sí 1989, wọn ò tó 2,000 ní 2020, wọ́n gbérí, wọ́n tún já sí 9,119 ní 2024.

Kí ló fà á? Ẹni tó bá mọ bomubomu, ewé tí àwọn Fúlàní ń fún oje ẹ̀ sínú wàrà kó lè dì, á tètè yé e. Ọmọ mónáàkì, kòkòrò tó ń fàyà wọ́ kó tó hu ìyẹ́, ewé kan ṣoṣo ló ń jẹ, milkweed ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ẹbí kan náà ni òun àti bomubomu, oje funfun bẹ́ẹ̀ náà ló ní, májèlé inú oje yẹn ló ń wọ ara kòkòrò náà tí ẹyẹ bá fi tọ́ ọ wò á tu ú dànù. (A ní ìbátan ẹ̀ nílé náà tó ń jẹ bomubomu, ẹ wò ó dáadáa tẹ́ ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá ọ̀nà.) Tí ò bá sí ewé yẹn, kò sí ọmọ, ọ̀rọ̀ tán. Àárín àgbàdo àti sóyà ni ewé yìí máa ń hù jù tẹ́lẹ̀ ní Iowa àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, àgbẹ̀ á ro ó, á tún hù, wọ́n jọ ń bá ara wọn gbé ni. Ní 1996 ni sóyà tí wọ́n ṣe kó lè fara da glyphosate wọ ọjà, àgbàdo tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá ń fi oògùn apakoríko yẹn wẹ gbogbo oko láìbẹ̀rù, tí wọ́n tún wá ń fi àgbàdo ṣe epo mọ́tò, wọ́n kọ́ ebè wọ ibi tó jẹ́ koríko lásán tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí John Pleasants àti Karen Oberhauser gbé jáde sọ pé láàárín 1999 sí 2010, ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún milkweed agbègbè yẹn ló lọ. Wọ́n ní labalábá tó bá dìgbò lẹ̀gún, aṣọ ẹ̀ á fàya. Èyí ò dìgbò lẹ̀gún o, àwa èèyàn la gbin ẹ̀gún sójú ọ̀nà ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a ò fi fara mọ́ bí wọ́n ṣe ń di gbogbo ẹ̀bi ru Mẹ́síkò. Òótọ́ ni pé àwọn agégẹdú ti ba igbó yẹn jẹ́ gan-an, oko píà náà sì ń sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Mẹ́síkò ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ láti 1986, UNESCO gbà á sínú ìwé ohun ìní aráyé ní 2008, èèyàn sì ti kú lórí ẹ̀. Homero Gómez González tó ń bójú tó ibi ìpamọ́ El Rosario, ìdílé agégẹdú ló ti wá, òun fúnra ẹ̀ gégi rí kó tó yí padà, ó sọnù ní January 13, 2020, nígbà tó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n bá òkú ẹ̀ nínú kànga. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún rí òkú Raúl Hernández Romero tó máa ń mú àwọn àlejò wo labalábá. Ilẹ̀ yẹn, ilẹ̀ àjọni ni, àwọn ará abúlé ló ni ín, tálákà ni ọ̀pọ̀ wọn, owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún wọn láti 2000 kí wọ́n má gégi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, tí ò bá tó nǹkan, kí la fẹ́ kí wọ́n jẹ?

Ẹ wá wo ìlérí. February 2014, ní ìlú Toluca ní Mẹ́síkò, àwọn tó ń ṣe olórí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà yẹn, Obama ti Amẹ́ríkà, Harper ti Kánádà àti Peña Nieto ti Mẹ́síkò jókòó, wọ́n ní àwọn á jọ dáàbò bo mónáàkì. Lọ́dún 2015 Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé hẹ́kítà mẹ́fà làwọn fẹ́ rí nígbà tó bá fi máa di 2020. Òtútù 2020 sí 2021 dé, 2.1 ni wọ́n rí. Láti 2014 náà ni àwọn èèyàn ti kọ̀wé sí ìjọba Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fi òfin gbà á, ní 2020 wọ́n ní lóòótọ́ ó tọ́ sí i àmọ́ àwọn nǹkan mìíràn ló kàn, December 10, 2024 ni wọ́n tó gbé àbá síta pé kí wọ́n kà á mọ́ ohun tó wà nínú ewu. Àbá. Àbá ò lè dá katakata dúró. Òfin wọn fún wọn ní ọdún kan láti parí irú ẹ̀. Ohun tí àwa ń sọ ni pé kí wọ́n sọ ọ́ dòfin, kí wọ́n má tún gbé e sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kí owó sì bá a rìn: owó fún àgbẹ̀ tó bá fi etí oko sílẹ̀ fún milkweed, owó gidi fún àwọn ará abúlé tó ń ṣọ́ igbó ní Michoacán. Kánádà ti kà á mọ́ ohun tó fẹ́ parun láti 2023, kí ni Amẹ́ríkà ń dúró dè?

Àwọn àgbẹ̀ ń bẹ̀rù pé òfin á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn, a ò bú wọn, iṣẹ́ òòjọ́ ni, ṣùgbọ́n àbá yẹn fúnra ẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ oko. Èyí tí a ò gbà ni ti àwọn tó ń sọ pé mónáàkì wà ní Hawaii, wọ́n wà ní Australia, wọ́n wà ní Spain, pé wọn ò lè tán. Bẹ́ẹ̀ ni, kòkòrò yẹn lè má tán. Ìrìnàjò yẹn ló ń tán lọ! Èyí tó wà ní Hawaii ò lọ síbì kankan, tí èyí tó ń lọ sí Mẹ́síkò bá wá tán pẹ́nrẹ́n, ta ló máa wá kó ti Hawaii wá, tí á sì wí fún un pé ọ̀nà òkè yẹn nìyí?

Ó kàn wá náà. Ojú ọ̀nà mónáàkì gan-an ni Texas wà, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti Dallas ò sì kéré, ọ̀pọ̀ wọn ló nílé, tó ní koríko níwájú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbin milkweed, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí lọ́jà o. Èyí tí òdòdó ẹ̀ pupa tó tún ní yẹ́lò, Asclepias curassavica, kì í sábà kú nígbà òtútù ní ìhà Houston, àrùn labalábá á wá máa kó ara jọ sórí ewé ẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ béèrè fún ti Texas gangan, Asclepias viridis, kẹ́ ẹ má sì fín oògùn sí i. Oṣù kẹta ni abo mónáàkì ń kúrò lórí òkè Michoacán, ìyẹ́ ẹ̀ á ti gbó, ẹ̀mí ẹ̀ ò ní pẹ́ mọ́, Texas ló kọ́kọ́ ń wọ̀ tó bá sọdá, ewé yẹn ló ń wá kó lè yé ẹyin ẹ̀ sí i kó tó kú.