Àtúnṣe: gbèsè àti owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì community college l'Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín in kiri pé ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní community college (ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ọlọ́dún méjì) l'Amẹ́ríkà, gbèsè ló ń kó sọ́rùn, owó táṣẹ́rẹ́ ló sì máa gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì kan náà, NCLEX-RN, ni òun àti ẹni tó lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì jọ ń ṣe. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ àdúgbò níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi $4,000 lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ń wá èrè ló ń ta oyè kan náà ní ọ̀wọ́n gógó. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọjú ìjà sí.

Iye gbèsè tí College Scorecard, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ń gbé jáde ńkọ́? Àwọn tó yáwó nìkan ni wọ́n kà. Ẹni tí Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba tí a kì í san padà, sanwó fún tí kò yá kọ́bọ̀ kò sí níbẹ̀.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi owó ọdún kan $93,600, tí ìdajì àwọn RN (nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ) gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2024, tan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde o. Àgbà ọ̀jẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú ìṣirò yẹn, àwọn ará California náà wà níbẹ̀, ẹ sì mọ bí owó ilé ṣe rí lọ́hùn-ún. Àwọn ilé-ìwòsàn ńlá kan sì ń béèrè BSN, oyè nọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin ti yunifásítì. Ní New York, òfin ọdún 2017 ní kí nọ́ọ̀sì tuntun gbà á láàárín ọdún mẹ́wàá.