Òṣùwọ̀n Kò Mọ Ẹ̀tù

Nígbà tí aṣọ́bodè tú kọ̀ńténà tó gúnlẹ̀ sí èbúté Onne ní ọdún 2024, ìbọn 844 àti ọta 112,500 ni wọ́n kà níṣojú oníròyìn. Kíkà yẹn dára. Àmọ́ ìbéèrè tí ìwé ìròyìn yìí ń bi ìjọba kò yí padà: ọta tí ọwọ́ kò tẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n ti tú kúrò nínú páálí, tí wọ́n dà sínú àpò, tí wọ́n ń tà lẹ́yọ tàbí ní kílò, tí àtúnkì, ìyẹn ọta tó ti dún tí wọ́n tún ki ẹ̀tù sí, sì ti dà pọ̀ mọ́ tuntun?

Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọta kátíríìjì oní-12 kan (nọ́mbà yìí ló ń sọ bí ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó) máa ń wúwo tó gíráàmù 40 sí 48. Òjé inú rẹ̀ nìkan á tó 28 sí 36. Ẹ̀tù ńkọ́? Kì í sábà pé gíráàmù 2. Nínú kílò kan, tó jẹ́ bí ẹyọ 20 sí 25, ẹyọ kan lè wà tí ẹni tó ṣe é gbàgbé láti fi ẹ̀tù sí, òmíràn sì lè gba ìlọ́po méjì, kí òṣùwọ̀n má mì rárá. Òjé lẹ ń sanwó fún.

Èyí tó gba ìlọ́po méjì lè fa ọ̀pá ìbọn ya lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ kò tó ló ń tanni jẹ jù: ìró rẹ̀ á rẹlẹ̀, òjé àti ohun tí wọ́n fi dí i lẹ́yìn á há sínú ọ̀pá, ọdẹ á rò pé ọta kan ló bàjẹ́, á sì ki òmíràn lé e. Ìkejì yẹn ló ń ba ọwọ́ àti ojú jẹ́.

Àdàlù tún ní ewu tirẹ̀. Ọta oní-20 tẹ́ẹ́rẹ́ ju oní-12 lọ. Bó bá bọ́ sínú ìbọn oní-12, á yọ̀ kọjá, á há níwájú, ibi tí à ń ki ọta sí á sì dà bíi pé ó ṣófo. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ yẹ́lò dá oní-20 mọ̀. Ṣùgbọ́n lóru, pẹ̀lú iná orí, nínú àpò tí gbogbo rẹ̀ dà rú, ta ni yóò máa yẹ àwọ̀ wò?

Kí ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ ya èyí tí ide rẹ̀ ti dípẹtà, tí ẹnu rẹ̀ kò dé dáadáa, tàbí tí ojú ìdí rẹ̀ ti ní àpá, sọ́tọ̀. Bí ó bá yìnbọn tí kò dún, kí ó kọjú ẹnu ìbọn síbi tí kò séèyàn fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó kéré tán, kó tó ṣí i. Bí ìró bá rẹlẹ̀, kí ó yọ ọta, kí ó sì wo inú ọ̀pá títí tí yóò fi rí ìmọ́lẹ̀ lódìkejì. Ẹ̀tù inú kátíríìjì kò sì gbọdọ̀ wọ ṣakabùlà láé. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n rọ ọ̀pá yẹn fún. Ẹ̀tù kátíríìjì tó kún ìwọ̀n kan náà lágbára jù ú lọ fíìfíì.

Ìdáhùn tí ìjọba máa ń fún wa ni pé òfin ti kà á léèwọ̀. A mọ̀! Òfin Ìbọn ọdún 1959 kò gba aládàáni láyè láti ṣe ọta. Àdéhùn ECOWAS ti 2006 sì ní kí nọ́mbà ìdìpọ̀, ilé iṣẹ́, orílẹ̀-èdè àti ọdún wà lára ọta, kó sì tún wà lára páálí tó kéré jù lọ. Ẹni tó bá tú páálí ti ju ẹ̀rí sígbó. Ti àtúnkì tilẹ̀ burú jù: àmì ìdí rẹ̀ ń ròyìn ẹ̀tù tó ti jóná tipẹ́.

Ṣé òfin yẹn ni ọdẹ yóò kì sínú ìbọn? Láti 2020 tí Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń ké sí àwọn ọdẹ kí wọ́n wá ṣọ́ igbó. DICON, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà, ti wà ní Kaduna láti 1964, òfin 2023 sì tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Kí ìjọba yan olùtajà kan, ó kéré tán, ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, páálí ní èdìdì, kí wọ́n kọ nọ́mbà ìwé àṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́mbà ìdìpọ̀. Kí wọ́n sì gba ọta inú àpò lọ́wọ́ ọdẹ tó bá mú un wá, láìfi ọlọ́pàá dẹ́rù bà á.

Lọ́la, bí ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ ní Ṣakí bá fẹ́ ra páálí kan tó ní ẹyọ 25, ojúlé wo ni kó lọ?