Ẹ Yéé Pe Gìtá Mi Ní Ohun Ìṣeré

Inú ń bí mi, n ò sì ní pa á mọ́ra. Ní Sátidé tó kọjá, a ń fi orin ìdúpẹ́ dánra wò ní ṣọ́ọ̀ṣì, bọ̀ọ̀dá kan tí wọ́n ní kó wá bá wa ta béèsì gbójú sókè, ó rí gìtá kékeré ọwọ́ mi, ó ní, "Sístà, ṣé ẹ gba ohun ìṣeré ọmọ yín lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Ẹ lọ gbé gìtá gidi wá." Gbogbo kúáyà bú sẹ́rìn-ín.

Ká ní èmi nìkan ló gbọ́ ọ ni, ǹ bá ti gbàgbé. Àgbà ni mí, ẹ̀fẹ̀ ò lè pa mí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kékeré kan tí mò ń kọ́ ní gìtá jókòó sẹ́yìn mi, irú gìtá kan náà ló sì gbé sórí itan. Ká tó bẹ̀rẹ̀ orin tó tẹ̀ lé e, ó ti dá tiẹ̀ padà sínú báàgì, ó ti fa síìpù rẹ̀ pa. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì ló wá bá mi: "Àǹtí, ìgbà wo ni màá dàgbà tó ẹni tó ń ta gìtá gidi?" Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Kí ló wá ń sọ gìtá di gidi? Okùn mẹ́fà ló wà lára ńlá, mẹ́fà ló wà lára tèmi, bí a sì ṣe ń yí ohùn ti ńlá náà la ṣe ń yí tèmi. Martin kékeré ni, gìtá tí ilé iṣẹ́ Martin ń ṣe, LX1 ni wọ́n ń pè é, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Ibi tí okùn ti ń dún lára rẹ̀ gùn ní íǹṣì 23. Lára Martin ńlá tí gbogbo yín ń fẹ́, íǹṣì 25.4 ni. Ṣé nítorí íǹṣì méjì àti díẹ̀ lẹ ṣe ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́? Bí okùn rẹ̀ ṣe kúrú yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó le koko bíi ti ńlá, òun ló ń jẹ́ kí ìka ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́ láìsunkún. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe pákó, bébà àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ gbagidi ni, ọyẹ́ kì í là á bó ṣe ń la pákó.

Mo ní gìtá ńlá nílé o, ó sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ dánfó rí láti Ìkòròdú lọ sí Kétu láago mẹ́fà àárọ̀, kó sọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí fún mi. Kọ̀ńdọ́ á ní kí n sanwó ìjókòó méjì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á ní ọrùn gìtá ń gún òun lójú. Bí wọ́n bá tiẹ̀ jàjà gbà, àyà mi á máa já títí a ó fi débẹ̀, kí ẹnìkan má lọ jókòó lé e. Kékeré yìí, orí itan mi ló ń wà, màá gbá a mọ́ àyà, ó parí. Ó ń bá mi dé ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn ọmọ bá jáde lọ jẹun ọ̀sán, màá fà á yọ, màá máa wá ohùn orin tí a máa kọ ní Sọ́ńdè. Ìka tí kì í kan okùn lójoojúmọ́ máa ń rọ̀ padà ni, gbogbo ẹni tó ń ta gìtá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń gba eruku lára ògiri kò lè mú ìka mi le. Kékeré tí ẹ ń rí yìí ló kọ́ mi lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní kò ní ohùn ìsàlẹ̀. Ikùn rẹ̀ kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ tí béèsì, kíbọ́ọ̀dù àti ìlù ti wà, ta ló ń bèèrè ohùn ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ mi? Lóṣù Keje ọdún 2015, Ed Sheeran, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìkan ló dá dúró ní pápá ìṣeré Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù fún alẹ́ mẹ́ta, tòun ti Martin kékeré, pápá ìṣeré náà sì kún fọ́fọ́. N ò gbọ́ pé ẹnìkan ní kó padà lọ gbé gidi wá.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká fi ti òyìnbó sílẹ̀. Jùjú tí à ń fi ṣe fáàrí, ohun èlò wo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Tunde King ní Èkó, gìtá-báńjò ló ń ta, ìyẹn gìtá tí ikùn rẹ̀ dà bí ìlù. Ayinde Bakare bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ukulele-báńjò, ohun tó kéré ju gìtá ọwọ́ mi lọ, kó tó di pé ó gbé gìtá tó so mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní 1949. Ṣé ohun ìṣeré náà ni wọ́n ń ta? Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà sì wà lára àwọn tó gbé gìtá títa káàkiri èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń ta á. Ohun tí èèyàn lè gbé rìn ni gìtá láàárín wa láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di ohun tí a ń fi mọ́tò gbé lọ sóde àríyá.

Bàbá ọmọ yẹn pè mí lánàá. Ó ní òun fẹ́ ra gìtá ńlá fún un, kí ojú má baà tún tì í mọ́. "Rárá" ti dé ẹnu mi. Apá ọmọ náà kò tíì lè yí i ká. Bó bá gbé e sórí itan, àgbọ̀n ló máa fi dì í mú, èjìká rẹ̀ á sì máa ro ó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó máa gbé kékeré náà bọ̀, tí wọ́n tún fi rẹ́rìn-ín, ó lè má padà wá mọ́. Ìrora lè mú kó jáwọ́, ìtìjú náà lè mú kó jáwọ́, n ò sì mọ èyí tó máa yára jù. Mo ní kí bàbá rẹ̀ fún mi láyè kí n ronú. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọdé ní gìtá rí, èwo lẹ máa ní kó rà?