Ta ló da májèlé sómi? Kò sẹ́ni tó dà á

Ìpàdé ọmọ Yorùbá tá a ṣe ní Lugbe, l'Abuja, lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá ló bí mi nínú. Wọ́n ń fi fídíò kan hanra wọn lórí fóònù: ẹja kú, wọ́n léfòó, gbogbo wọn dojú ikùn sókè. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí mo bọ̀wọ̀ fún mirí, wọ́n ní, "Wọ́n ti da májèlé sómi yẹn. Ayé le!" Gbogbo ilé ṣe àmín bí ẹni pé àdúrà ni wọ́n gbà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò dájú o." Wọ́n ní kí n jókòó jàre, kí lèmi tó ń ti ọ́fíìsì bọ́ sílé mọ̀ nípa omi.

Ó dáa. Ohun tí mo mọ̀ rèé.

Mo ní adágún ẹja kan ní Kuje. Epìyà àti àrọ̀ ni mo dà pọ̀ sínú ẹ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún kan, ojú ọ̀run ṣú, a ò rí oòrùn fún odindi ọjọ́ méjì. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí omi náà ti ń ṣe àwọ̀ ewé, inú mi sì ń dùn, mo rò pé omi tó lọ́ràá nìyẹn, mo ń da oúnjẹ sí i bí ẹni tó ń ṣàlejò ọba. Láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ kẹta, máígádì mi pè mí: "Oga, kifi sun mutu!" Ẹja ti kú. Nígbà tí mo fi débẹ̀, òkú epìyà ti bo etí omi, àwọn ńláńlá ló sì pọ̀ jù. Àwọn tó ṣẹ́ kù ń lanu lójú omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Èmi náà pariwo májèlé. Ṣebí aládùúgbò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn apakoríko sí oko àgbàdo rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ni? Mo kọ ìwé ẹ̀sùn, ó ku kí n gbé e fún ọlọ́pàá.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó mọṣẹ́ ẹja ló dá mi dúró. Kò tilẹ̀ wo òkú ẹja kankan. Ó kàn ní, "Àrọ̀ ńkọ́?" Mo wò. Àrọ̀ ń yí kiri nínú omi kan náà, wọ́n ń yọrí, wọ́n ń gbafẹ́fẹ́, wọ́n ń padà sísàlẹ̀. Ẹyọ kan ò kú. Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi dúró síbẹ̀ yẹn dáadáa. Àrọ̀ ní nǹkan pupa kan lókè ibi tí ẹja fi ń mí, ó rí bí ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́. Òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́ òde bíi tèmi tìrẹ. Ìdí nìyẹn tí àrọ̀ ọlọ́jà fi ń wà láàyè látàárọ̀ dalẹ́ nínú báàfù tí omi ẹ̀ ò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ. Epìyà ò ní in. Atẹ́gùn ọ́síjìn tó bá wà nínú omi nìkan ló gbójú lé. Májèlé wo ló wá ń bi ẹja ní orúkọ kó tó pa á? Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, kòkòrò omi ń sáré kiri. Ẹja kéékèèké ló yè, àwọn ńlá ló lọ. Oògùn tó burú ì bá ti kọ́kọ́ gbá kòkòrò àti kéékèèké lọ.

Àwọ̀ ewé tí mò ń yọ̀ sí yẹn, ewéko tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú ò rí ni. Bí oòrùn bá ràn, wọ́n á máa tú ọ́síjìn sómi. Bílẹ̀ bá ṣú, àwọn náà á máa mí, wọ́n á máa bá ẹja pín in. Ìdájí ló máa ń kéré jù, pàápàá lẹ́yìn ọjọ́ tí oòrùn ò ràn. Omi gbígbóná ò sì lè gbà púpọ̀: omi tó gbóná tó 30°C, bíi mílígíráàmù ọ́síjìn 7.5 lafẹ́fẹ́ lè fi sínú lítà kan, nígbà tí omi tútù ní 10°C á gbà ju 11 lọ. Ọ̀gbẹ́ni náà ki ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń wọn ọ́síjìn bọ omi mi láago mẹ́fà: kò tó 1. Oòrùn yọ lọ́jọ́ náà. Láago mẹ́ta ọ̀sán ó tún ki í bọ̀ ọ́: 7. Omi kan náà, ọjọ́ kan náà! Májèlé kì í wo aago.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti adágún ńlá bíi ti Jabi l'Abuja. Omi ọṣẹ àti ìdọ̀tí tó ń bá gọ́tà wọlé, oúnjẹ ni fáwọn ewéko yẹn. Wọ́n á pọ̀, wọ́n á kú, wọ́n á jẹrà, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń jẹ wọ́n á sì fa ọ́síjìn tó kù tán. Òjò àkọ́rọ̀ tún máa ń gbá ẹ̀gbin gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi Gammalin 20, oògùn apakòkòrò, pẹja. Irọ́ kọ́. Ìyẹn ò ní kí gbogbo òkú ẹja jẹ́ iṣẹ́ wọn. Àwọn tó ń pariwo májèlé á ní báwo ni gbogbo ẹja náà ṣe kú lóru kan ṣoṣo. Òru náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé tán! Ti àwọn tó ní màmíwọ́tà ló pa wọ́n, mi ò fèsì.

Àbí kí n sọ tàwọn tó bá mi pariwo májèlé ní Kuje lọ́jọ́ náà? Kó tó di aago mẹ́jọ wọ́n ti gbé agbọ̀n dé, wọ́n ń ná òkú epìyà ní ìdajì owó. Wọ́n yan án, wọ́n jẹ ẹ́.

Nísinsìnyí, bójú ọjọ́ bá ti ṣú títí dalẹ́, mi ò ní fún ẹja lóúnjẹ, máígádì á sì tan pọ́ọ̀ǹpù láago méjì òru kó máa fọ́n omi sókè. Ìwé ẹ̀sùn yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Aládùúgbò mi tún fi àgbàdo tútù ránṣẹ́ lọ́dún yìí. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mi ò lè wojú ẹ̀.